Ẹ Béèrè Agogo Ta Ni, Kí Ẹ Tó Dá Àkókò ní Etiópíà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsimi. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò la bá wá. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá kọ̀wé nípa ìlú òkèèrè, London, Mẹ́kà àti Dubai ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń ti Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ayé ń gbà kọjá, àwọn mìíràn a sì sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á wọ bàálù mìíràn, láìmọ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn fẹ̀yìn lé kì í bá ayé yòókù ka agogo, kì í bá a ka oṣù, kì í sì í bá a ka ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú kó lọ fojú ara rẹ̀ wo Etiópíà, bí wọ́n ṣe ń ka ìgbà ni kó kọ́kọ́ kọ́. Oúnjẹ tó máa rí jẹ, ọjọ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì máa kún, títí dé ọjọ́ ogun tí wọ́n fi ń yangàn, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ọjọ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Agogo méje àárọ̀ tiwa ni agogo kan tiwọn. Mẹ́jọ tiwa, méjì tiwọn. Ọ̀sán gangan tí àwa ń pè ní agogo méjìlá, agogo mẹ́fà ni wọ́n ń pè é. Tó bá di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa, wọ́n ti ka méjìlá ti ojúmọmọ tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ méjìlá ti òru: agogo méje alẹ́ tiwa tún di agogo kan. Kì í ṣe àgídí. Ilẹ̀ náà kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ àsìkò láti oṣù dé oṣù. Láàárín agogo mẹ́fà sí méje ló ń yọ, láàárín agogo mẹ́fà sí méje ló ń wọ̀. Ẹni tí oòrùn bá ṣe déédéé sí bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ọ̀gànjọ́ òru ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ sí?

Ọgbọ́n kan wà tí kò gba ìṣirò rárá. Ẹ wo ojú agogo tó ní ọwọ́, ẹ wo ibi tí ọwọ́ kékeré wà, kí ẹ wá ka nọ́ńbà tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì. Bí ọwọ́ kékeré bá wà lórí 8, 2 ló dojú kọ ọ́: agogo méjì tiwọn nìyẹn. Ìṣẹ́jú kò yí padà. Addis Ababa fi wákàtí méjì ṣáájú Èkó, fóònù á sì ti tún ara rẹ̀ ṣe kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ tán; ẹni tó ṣì ń wo agogo ọwọ́ tó gbé láti ilé ni yóò ṣì í lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má fòyà lórí bàálù. Agogo àgbáyé ni àwọn ọkọ̀ òfurufú ń lò, ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ̀tàn nínú. Bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà, ọ́fíìsì ìjọba, ilé ìwòsàn àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ni kí ẹ máa fura sí. Wọ́n á ní bọ́ọ̀sì ìlú Bahir Dar ń lọ ní agogo mọ́kànlá òru. Àlejò á gbé àpò dé páákì ní agogo mọ́kànlá alẹ́, kò ní bá ẹnì kan níbẹ̀. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń wí, torí bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn sábà máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Tàbí kí ẹ ní kí dírẹ́bà wá gbé yín ní agogo mẹ́ta, kí ọkàn yín wà ní ọ̀sán. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa ló máa dé, á dúró títí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ló ń tú gbogbo rẹ̀: be-Habesha ni àbí be-faranji? Habesha ni àwọn ará òkè ilẹ̀ náà ń pe ara wọn, faranji ni àlejò, pàápàá òyìnbó. Kí ẹ sì fi apá ọjọ́ mọ́ ọn: ketewatu fún òwúrọ̀, kekenu fún ọ̀sán, kemishitu fún alẹ́, kelelitu fún òru.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti rọ Yorùbá lọ́rùn ju òyìnbó lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní agogo méjì òru, òyìnbó á ní ó ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ará Addis Ababa á ní agogo mẹ́jọ òru ọjọ́ Ajé ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Àwa náà kúkú ń wí i: òru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá dírẹ́bà ṣètò pé kó wá gbé yín lọ wọ bàálù ìdájí, ẹ fi "mọ́jú" ronú, kí ẹ sì jẹ́ kó tún ọjọ́ náà pè fún yín. Ọ̀pọ̀ ló ti dájọ́ tó tọ́, wákàtí tó tọ́, tí ọkọ̀ sì wá dé ní ọjọ́ kejì.

Oṣù wọn jẹ́ mẹ́tàlá. Méjìlá àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 30 géérégé, kò sí èyí tó lé, kò sí èyí tó dín. Ọjọ́ 5 tó ṣẹ́kù ni oṣù kẹtàlá, Pagume, tó ń di ọjọ́ 6 lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin. Wọ́n fi àwọn oníhìnrere mẹ́rin sọ ọdún mẹ́rin yẹn lórúkọ, Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù. Ìparí ọdún Lúùkù ni ọjọ́ kẹfà ń wọlé. Ọjọ́ ọdún tuntun wọn, Enkutatash, máa ń bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án tiwa, àmọ́ lẹ́yìn ọdún Lúùkù ó ń bọ́ sí ọjọ́ 12, bó ṣe rí ní 2023, bí yóò sì ṣe rí ní 2027. Lásìkò yẹn ni òdòdó ofeefee tí wọ́n ń pè ní adey abeba ń bo ẹ̀bá òkè, tí àwọn ọmọdébìnrin ń gbé e kiri ojúlé pẹ̀lú orin. (Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí oṣù ọlọ́jọ́ márùn-ún, kó rántí pé àwa náà ń pe ọjọ́ ọjà tó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ní ọrún.)

Ìpolówó ìrìn-afẹ́ ilẹ̀ náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kéde pé oṣù mẹ́tàlá ni oòrùn fi ń ràn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni o. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, òjò kiremt ló ń rọ̀ ní òkè ilẹ̀ náà, ìdí òjò sì ni Pagume fúnra rẹ̀ bọ́ sí. Addis Ababa fi mítà tó ju 2,300 ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá gbé àǹkárá nìkan lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje á gbọ̀n, èémí á sì máa ká a lórí àkàsọ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́. Kí ẹ rọra rìn, kí ẹ mu omi dáadáa. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú, ẹ má fi sílé, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

Ọdún ńkọ́? Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án dé ìparí oṣù Kejìlá, ẹ yọ 7 kúrò nínú ọdún tiwa; láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ẹ yọ 8. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2025 ni 2018 wọn bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2007 ni wọ́n tó ṣe ayẹyẹ ọdún 2000, nígbà tí ayé yòókù ti gbàgbé tirẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí Jésù ló fa ìyàtọ̀: àwọn baba ìjọ ní Alẹkisáńdíríà ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ará Róòmù ṣírò tiwọn lọ́tọ̀, ìjọ Etiópíà sì di ti Alẹkisáńdíríà mú.

Lórí ìwé ni èyí ti ń dun àlejò jù. Lẹ́yìn ọjọ́ orí rìsíìtì tàbí ìwé ìjọba, ẹ máa wo bóyá E.C. ni wọ́n kọ tàbí G.C.: E.C. ni kàlẹ́ńdà tiwọn, G.C. ni ti gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n fi E.C. tẹ ọjọ́ rẹ̀ á dà bí ohun tó ti bàjẹ́ láti ọdún méje sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ó ṣì tuntun. Bí ẹ bá rí 13 ní ipò oṣù, kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé, Pagume ni. Bí ẹ̀yin náà bá ń kọ ọjọ́ ìbí sórí ìwé kan níbẹ̀, ẹ kọ G.C. sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, akọ̀wé lè kà á sí E.C., kó sì yí i padà sí ti àgbáyé: ọdún méje tàbí mẹ́jọ á já kúrò lọ́jọ́ orí rẹ̀, ìwé náà ò sì ní bá pasípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu mọ́.

Kérésìmesì wọn, Genna, ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ni. Èrò máa ń kún ìlú Lalibela nígbà náà, níbi tí àwọn ilé ìjọsìn 11 tí wọ́n gbẹ́ láti inú àpáta wà. Timkat, àjọ̀dún ìrìbọmi, ń bọ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà (ọjọ́ 20 lẹ́yìn ọdún Lúùkù), Gondar ni ibi tó dùn ún wò jù. Ẹni tí kò bá gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ìta ni yóò sùn. Bàtà kì í wọ inú ìjọ wọn. Ní Lalibela, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí eégbọn inú kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn kò mọ àlejò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù, kàlẹ́ńdà náà ló sì ń darí rẹ̀. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ fún ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, àfi àádọ́ta ọjọ́ tó tẹ̀lé Àjíǹde. Ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, Hudade, gba ọjọ́ 55. Kì í ṣe pé wọn kì í jẹun; ẹran, ẹyin, wàrà àti bọ́tà ni wọ́n ń yàgò fún, àwọn tó le nínú wọn kì í sì í fi nǹkan kan ẹnu títí di agogo mẹ́sàn-án tiwọn, ìyẹn agogo mẹ́ta ọ̀sán tiwa. Àlejò á jókòó ní Ọjọ́rú, á ní kí wọ́n gbé doro wot wá, ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n ń gé sí ọ̀nà méjìlá tí wọ́n ń fi ẹyin sè. Wọ́n á ní kò sí, á rò pé wọ́n ń ṣe é ní àṣekúṣe. Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni kó máa wá a. Ní Ọjọ́rú, ẹ béèrè yetsom beyaynetu: wọ́n á bu oríṣiríṣi ọbẹ̀ aláìlẹ́ran sórí injera kan ṣoṣo, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa, àti shiro tó jọ gbẹ̀gìrì bí ọmọ ìyá. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ọjọ́ ààwẹ̀ wọn lọjọ́ àsè tirẹ̀.

Injera yẹn, àwo ni, ṣíbí ni, oúnjẹ náà sì ni. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun teff, ọkà wẹ́wẹ́ kan, pọ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó kan bí ògì, kí wọ́n tó dà á sórí agbada fífẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹ ẹ́. Yorùbá ò ní ṣì í ṣe níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ká òkèlè tó sì nà án sí yín lẹ́nu, gursha ni, àmì ìfẹ́ ni, ẹ la ẹnu. Kíkọ̀ ọ́ kò dára. Lórí ẹran, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí kì í sábà jẹ ẹran tí ẹnì kejì dúḿbú, ilé ẹran wọn yàtọ̀: ẹ wo àgbélébùú tàbí àmì òṣùpá tó wà lókè ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kitfo àti tere siga, ẹran tútù gidi ni, wọn ò fi iná kàn án. Aràn inú màlúù lè gba ibẹ̀ wọ inú ènìyàn. Lebleb ni ẹ ó pè é bí ẹ bá fẹ́ kí iná rà á lára, yebesele bí ẹ bá fẹ́ kó jinná.

Kọfí wọn, buna, tún ní àkókò tirẹ̀, kò sì yá. Wọ́n á tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, wọ́n á dáná tùràrí. Wọ́n á fọ kọfí tútù, wọ́n á yan án níwájú yín, wọ́n á gbé èéfín rẹ̀ kọjá nímú olúkúlùkù. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì yìn ín. Wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ́ jebena, wọ́n á wá da á sínú ife wẹ́wẹ́ tí kò ní etí. Gúgúrú ni wọ́n sábà ń fi í jẹ. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń bu omi sí ìyẹ̀fun kan náà: abol ló le jù, tona ló tẹ̀lé e, baraka ló kẹ́yìn, ìbùkún sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó lè ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá máa dìde lẹ́yìn abol, kó má jókòó rárá.

Orúkọ wọn ń da àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì òkèèrè láàmú. Kò sí orúkọ ìdílé. Orúkọ ẹni ló ṣáájú, orúkọ bàbá ẹni ló tẹ̀lé e, ìyàwó kì í sì í yí tirẹ̀ padà. Olórí ìjọba wọn, Abiy Ahmed, Abiy ni wọ́n ń pè é. Ahmed ni bàbá rẹ̀. Abebe Bikila tó sáré Ólíńpíìkì ní Róòmù ní 1960 láìwọ bàtà tó sì gba góòlù, ayé ń pè é ní Bikila, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ato ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ ọkùnrin, Weyzero fún abilékọ. Amháríkì, èdè wọn, ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí "ẹ" tiwa, ersewo, ẹ má sì lo anta ("ìwọ" fún ọkùnrin) tàbí anchi ("ìwọ" fún obìnrin) fún àgbàlagbà. Bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ṣàdédé fa èémí sínú bí ẹni tí ẹ̀rù bà, ẹ má ṣe dìde: "bẹ́ẹ̀ ni" ló ń sọ.

Ó kù kan tó kan ẹ̀yin olóòtú gan-an. Ní 1889, Menelik Kejì, ọba Etiópíà, bá Ítálì fọwọ́ sí àdéhùn Wuchale. Ẹsẹ 17 rẹ̀ ní Amháríkì sọ pé ó lè gba ọwọ́ Ítálì bá àwọn ìjọba Yúróòpù sọ̀rọ̀ bó bá wù ú. Ní èdè Ítálì, dandan ni. Lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn ni Ítálì fi ní Etiópíà ti bọ́ sábẹ́ òun. Menelik kọ̀, ìyàwó rẹ̀ Taytu, tó sọ Addis Ababa ní "òdòdó tuntun", kọ̀ jù ú lọ, wọ́n sì bá Ítálì pàdé lójú ogun ní Adwa ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta 1896, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Ítálì láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni wọ́n ń ṣe ìsinmi rẹ̀ lónìí. Wọn kò gbàgbé ọjọ́. Ọjọ́ 23 oṣù wọn tó ń jẹ́ Yekatit ni ogun náà, Yekatit 23 náà ni wọ́n ń ṣe é. Ní 1900, kàlẹ́ńdà àgbáyé kò fi ọjọ́ kan kún oṣù Kejì, tiwọn sì fi tirẹ̀ kún un bó ṣe yẹ, ni ọjọ́ méjèèjì bá fi ẹyọ kan yẹra fún ara wọn. Ní 2100 wọ́n á tún yẹra sí i, Yekatit 23 á sì di ọjọ́ 3. Tí ẹ bá ń kọ̀wé nípa Adwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ méjèèjì sí i, kí òǹkàwé tó bá débẹ̀ má bàa rò pé ìwé ìròyìn yín ló purọ́.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn